Sàráà Tí Bàbá Zamfira Ṣe Fún Ara Rẹ̀

Valea Prunului, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, 2018

Zamfira ọmọ mi,

"Láti ìgbà tí ìdílé Drăgoescu ti wà láyé, oúnjẹ kò pa ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Àìrí-jẹ ló ń pa èèyàn." Bàbá rẹ ló sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, lórí ìdúró, tòun ti fìlà ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè lórí, níwájú ẹyin mẹ́rin tí a fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dín. Ó ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ ní Torino, kí àwọn ará Ítálì náà lè jàǹfààní rẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní àpèkọ; mo mọ bí a ṣe ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ láì fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá àgbà tí ò ń tọ́jú ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ ńlá yẹn rèé. Dókítà tó wà ní Târgu Jiu yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ wò. Ó ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n ti sọ fún un láti ọdún kẹta ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. O rántí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì tí bàtà bó lóṣù Kẹjọ? Kò jinná. Ó ti ń dúdú. Dókítà ní bí kò bá yí oúnjẹ padà, ìka á lọ, bí ìka bá sì lọ tí kò gbọ́n, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Dókítà, bàtà ló bó mi. Sọ́séèjì kọ́."

Lẹ́tà ni mò ń kọ nítorí tẹlifóònù ilé wa kò ní ilẹ̀kùn. Bí mo bá gbé e, òun ló ń dáhùn. Dorinel tó ń wa bọ́ọ̀sì Ítálì á máa bá wa mú u lọ mú u bọ̀. Jọ̀wọ́, bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan lẹ́nu rẹ ń bà á lẹ́rù. Kí o sì dá ṣokoléètì dúró. Àpótí mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ ti tán. Èmi jẹ ẹyọ méjì.

Ìyá rẹ, Veturia


Torino, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà. Mo bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ. "Òótọ́ ni, ọmọ mi." "Bẹ́ẹ̀ náà ni, ọmọ mi." Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ohùn rẹ ti rù." Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn tó rù rí?

Signora Ernestina tí mò ń tọ́jú ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ kíkorò, òróró díẹ̀, ìdajì èso ápù ni oúnjẹ wọn. Bí mo bá bu sí i, wọ́n á fi ọwọ́ bo abọ́. Wọn kò tíì sọ ohunkóhun fún mi nípa ìtàn ìdílé wọn àti oúnjẹ.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ẹyin mẹ́rin tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn, ta ló dín in? Bàbá kò mọ ibi tí páànù wà nínú ilé yẹn.

Ṣokoléètì ti dúró.

Ọmọ yín, Zamfira


Valea Prunului, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá

Zamfira,

O rí i pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Ọ̀rọ̀ páànù yẹn ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ni n kò mú bíírò. Lẹ́yìn náà mo ronú pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí àṣìṣe tísà kì í ṣe aláìmọ̀ọ́kọ. Èmi ni mo dín in. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń dín in.

Nítorí náà mo yí padà. Mo se ẹ̀wà láì fi ọ̀rá sí i. Ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, ó ní òun fẹ́ lọ wo bí ara Paraschiva ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ṣe wà. Ilé kẹta sí tiwa ni, o mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ara Paraschiva kò ti le mọ́, àgàgà ní agogo méjìlá ọ̀sán. Mo lọ bá a. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ̀ ń pa á." Ó ní, "Èmi? Ìwọ tí o fi ẹ̀wà lásán síwájú ọkùnrin, bí ẹni ń bọ́ ẹyẹlé!"

Kí a tó yanjú ìyẹn, ààwẹ̀ Kérésì wọlé. Inú bàbá rẹ dùn. "Ìyá Zamfira, ìṣòro tán. Ogójì ọjọ́! Kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí wàrà. Ààwẹ̀ ni oògùn tí àwọn baba wa lò kí wọ́n tó dá dókítà." Ó ń gbààwẹ̀ lóòótọ́. Búrẹ́dì funfun àti jáàmù láàárọ̀. Ọ̀dùnkún tí a fi òróró dín lọ́sàn-án. Lálẹ́, àkàrà òyìnbó tí Paraschiva dín nínú agbada, tó fi ṣúgà bò bíi yìnyín. Kò fẹnu kan ẹran, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí. Lenuța, nọ́ọ̀sì abúlé wa, wọn ṣúgà rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀: 340. Ó tún un wọ̀n, ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Fadá Pantelimon sì gbóríyìn fún un láàárín ìjọ, pé kí àwọn ọ̀dọ́ wá wo bí àgbàlagbà ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ìka kejì ti ń yí àwọ̀ padà. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ni wọ́n dá fún un láti wá gé ti àkọ́kọ́.

Ìyá rẹ


Valea Prunului, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá

Sí Zamfira ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, Ilarie Drăgoescu, ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè fún ọdún mọ́kànlélógún láì sí ìjàǹbá kankan, ni mo mú kálàmù fúnra mi, nítorí ìyá rẹ a máa fi yíǹkì pupa sí ọ̀rọ̀ mi.

Mo fi tó ọ létí pé a ti pa ẹlẹ́dẹ̀. Igba kílò dín mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ ní Valea Prunului láti ìgbà tí ìjọba ti yí padà. Ìyá rẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò mí bíi pé èmi ni wọ́n ń pa.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé wúwo. Mo ti pinnu láti ṣe sàráà mi láàyè, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti ṣe tirẹ̀. O mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín fún àwọn aládùúgbò, òun ni yóò bá lórí tábìlì rẹ̀ lọ́run. Àwọn mìíràn ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Ìwọ wà ní Torino, ò ń bọ́ ìyá ẹni ẹlẹ́ni. Ta ni yóò ṣe tèmi?

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ni, Sátidé àwọn òkú, kí ààwẹ̀ ńlá tó dé. Nípa ti ọ̀rọ̀ dókítà, mo ti wò ó pé kò bójú mu kí ẹni tó ń gba àlejò máa tiro láàárín wọn. Nítorí náà, sàráà á kọ́kọ́ kọjá, iṣẹ́ abẹ á tẹ̀ lé e. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà; ọkọ̀ méjì kò lè gbà á pọ̀.

Máa bọ̀ nílé. Kí o mú kọfí dání, àti kéèkì Kérésì gíga yẹn, márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Bàbá rẹ


Torino, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní, 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ ní ìyá ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń bọ́. Bàbá, ta ló ra òrùlé tó wà lórí yín? Ẹ kò tíì kú, ẹ ti ń bínú pé a kò gbé oúnjẹ yín dé ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà yín lọ́wọ́ èyí tó wà lórí tábìlì ilẹ̀ ayé. N kò fi kéèkì ránṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ lọ́jọ́ kẹfà. Bí ẹ bá lọ, màá wá fún sàráà náà, màá fọ abọ́, màá sin àlejò, màá pe yín ní olóògbé bí ẹ bá fẹ́.

Nǹkan kan tún wà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi náà wò níbi iṣẹ́. Wọ́n ní mo ti dúró sẹ́nu ààlà àtọ̀gbẹ. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Kéèkì inú ẹ̀rọ ìtajà tí à ń ju owó sí ní ibùdókọ̀ ni mò ń fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán láti ọdún mọ́kànlá wá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé àìsàn yìí wà nínú ìdílé wa, mo rántí ọ̀rọ̀ yín, mo sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé omi fún mi.

Bisikíìtì tí kò ní ṣúgà ni mo fi rán Dorinel, páálí méjìlá. Ẹyọ kan pẹ̀lú tíì, Bàbá. Ẹyọ kan.

Ọmọ yín, Zamfira


Valea Prunului, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì

Zamfira,

Ọjọ́ kẹfà ti kọjá. Kò lọ.

Ó pe ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ó fi ohùn ibùdókọ̀ sọ fún wọn pé a ti sún un sí ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, kí wọ́n má bínú sí ìdádúró náà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀! Ohùn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un.

Bisikíìtì rẹ dé. Páálí méjìlá, ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní, "Bàbá Zamfira, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Ó fi páálí hàn mí: "Ìyá Zamfira, ìwọ tí o mọ ìwé, kà á. Kò-ní-ṣúgà. Kí wá ni yóò ṣe mí?" Mo ní ìyẹ̀fun ńkọ́? Ó ní ìyẹ̀fun kò sí lára ohun tí dókítà bá òun jà lé lórí.

Ó ti fún mi níṣẹ́. Èmi ni kí n kọ orúkọ àwọn òkú ìdílé tí Fadá máa kà kí a tó jẹun. Mo lọ ya ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí n má ba fi ẹnì kankan sílẹ̀, mo sì jókòó tì í. Gherasim bàbá rẹ̀, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, rọpárọsẹ̀. Anghelina ìyá rẹ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, àtọ̀gbẹ fọ́ ọ lójú kí ọkàn tó dákẹ́. Teofil, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó ṣubú nídìí tábìlì ìgbéyàwó, fọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Saveta, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ẹsẹ̀ méjèèjì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn mọ́kànlá. Mo kọ ohun tó pa kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, fún ara mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ebi pa nínú wọn. Nichifor, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tí kò mọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ọdún ọ̀dá, 1946. Ó dà bíi pé láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìdílé ti ń jẹ ìpín ọmọ yẹn mọ́ tiwọn, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé ó ti tó.

Máa bọ̀ bí o bá lè wá.

Ìyá rẹ


Torino, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì

Màmá mi,

N kò rí àyè. Signora Ernestina ṣubú ní balùwẹ̀, àwọn ọmọ wọn ní bí mo bá lọ kí n má padà.

Ṣé ẹsẹ̀ náà ń gbóná? Ṣé ó ń rùn? Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ìwé tí ẹ kọ àìsàn sí yẹn, Màmá, ẹ dákun, ẹ tún un kọ kí ẹ tó fún Fadá.

Zamfira


Valea Prunului, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Zamfira ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé sàráà. Jókòó kí o tó ka èyí.

Àlejò méjìlélógójì ló wá. Ẹran lílọ̀ tí a fi ewé kábéèjì wé, ìkòkò mẹ́ta. Sọ́séèjì, ọ̀rá díndín, páì oníwàràkàṣì, ọtí. Àlìkámà ìrántí àwọn òkú tí a sè pẹ̀lú ṣúgà wà láàárín tábìlì, Paraschiva sì ti fi súìtì aláràbarà to orúkọ bàbá rẹ sórí rẹ̀, ILARIE, lẹ́tà ńláńlá. Ẹni tí dókítà ní kó má fojú kan ṣúgà! Bàbá rẹ náà jókòó sórí àga ńlá, fìlà lórí, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Ó ti fún un mọ́ra, kò sì jẹ́ kí n tú okùn rẹ̀.

"Ẹ bu sí i fún un!" Paraschiva ń pariwo. "Òkú kì í kọ oúnjẹ!"

"Òkú wo?" ni bàbá rẹ dáhùn. "Mo wà níbí! Bù ú kún, jàre."

Fadá dìde, ó ní kí n gbé ìwé orúkọ wá. Mo gbé e fún un. O mọ Fadá Pantelimon: ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ohun tó bá sì wà lórí ìwé òkú, gbogbo rẹ̀ ló ń kà, ní ohùn orin kan náà, kó má ba ṣẹ òkú. Ó bẹ̀rẹ̀: "Rántí, Olúwa, Gherasim, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, rọpárọsẹ̀, lẹ́yìn abọ́ sọ́séèjì kejì."

"Olúwa, ṣàánú," ni gbogbo ilé dá a lóhùn. Ohun tó kà kò tíì yé wọn.

"Anghelina, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, àtọ̀gbẹ, ojú méjèèjì."

"Olúwa, ṣàánú."

"Teofil, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì lọ́wọ́."

"Olúwa..." Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ó sì yára gbé e mì. Lórí Saveta, mo gbọ́ tí wọ́n ń gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ìkan lẹ́yìn ìkan. Lórí ẹni kẹjọ, kò sí ẹni tó ń jẹnu mọ́. Nígbà tó dé orí Nichifor, "ọmọ ọdún mẹ́rin, ebi," kò sẹ́ni tó ráyè sọ pé Olúwa ṣàánú. Ẹkún ti gba ẹnu Paraschiva.

Bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, orúkọ aláàyè tó ń ṣe sàráà ló kẹ́yìn. Fadá kà á: "Ilarie, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta..." Ó dúró. Ó yí ìwé padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ó wá gbójú sókè, tọkàntọkàn ni ó sì fi bi mí: "Ìyá Zamfira, ẹ kò kọ ohunkóhun sí tiwọn. Kí ni ká kà?"

Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ. Wọ́n ti mọ̀. Gbogbo abúlé ló mọ̀, wọ́n sì wá jẹun.

Bàbá rẹ ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà kò tíì dé ibùdó." Ó tẹ̀ ba, ó fẹ́ bọ́ bàtà náà kó lè fi hàn wọ́n pé kò sí nǹkan kan. Bàtà kò bọ́. Nígbà tó bọ́, ìbọ̀sẹ̀ bá a wá, awọ sì bá ìbọ̀sẹ̀ wá. Òórùn náà borí ti sọ́séèjì. Lenuța dìde nídìí abọ́ rẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó jáde lọ pe ọkọ̀ aláìsàn.

Títí wọ́n fi ń gbé e wọ ọkọ̀, àwọn èèyàn ṣì ń di oúnjẹ fún un pé kó mú un dání.

Ìyá rẹ


Torino, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta

Màmá,

Ìgbà mọ́kànlá ni mo pe tẹlifóònù, kò sẹ́ni tó gbé e. Lenuța ló sọ fún mi pé wọ́n ti gé e. Kò fẹ́ sọ ibi tí wọ́n gé e dé. Ẹ sọ fún mi.

Ẹ sì dáhùn èyí, Màmá: ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?

Zamfira


Valea Prunului, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n gé e dé. Dókítà ní bó bá jẹ́ oṣù Kejì ni, ìka méjì ni. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èmi ì bá fẹ́ kó pariwo.

Nípa ìbéèrè rẹ: ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe tísà. N kò fi ìwé tí n kò tíì yẹ̀ wò dáadáa lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Fi ìyẹn ṣe èsì. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo dúró de ọjọ́ sàráà. Ó yẹ kí n ti kà á sókè ní kíṣíìnì láti ọdún kẹta, dípò kí n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú lẹ́tà, kí n tún máa dín ẹyin.

Ó ti délé láti ọjọ́ Ajé. Àga onítáyà ló ń lò. Ó ń jẹ ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀: ẹ̀wà, kábéèjì, ẹja. Kò lọ wo Paraschiva mọ́. Paraschiva ló ń wá. Gbogbo wọn ló ń wá. Ààwẹ̀ ńlá ti wọlé, nítorí náà wọn kò gbé ẹran wá. Aládùúgbò òsì gbé kéèkì oníjáàmù wá. Ti ọ̀tún gbé àkàrà oníṣúgà wá, ó ní ó ṣì ń gbóná. Fadá gbé oyin wá, ìgò ńlá kan, láti inú ilé oyin tirẹ̀. Lenuța, tó ń wọn ṣúgà rẹ̀ láràárọ̀, gbé jáàmù plọ́mù wá, ojú sì tì í, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olúkúlùkù fi ọwọ́ pa á lórí, ó fi omijé sí i. Èmi ń gba abọ́, mò ń dúpẹ́, mò ń tò wọ́n sórí tábìlì nítorí kò sí ààyè mọ́ níbòmíràn.

Lánàá, nígbà tí ẹni ìkẹyìn lọ, bàbá rẹ jókòó síwájú tábìlì yẹn, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí fún ẹyọ kan. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi kọ̀ fún un. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn gbójú sókè, ó ní:

"Veturia, bí kò bá ní jẹ́ oúnjẹ, kí ni kí wọ́n máa gbé wá?"